Ìgbà tí Ohùn Èèyàn Jìnnà sí Mi

                                        Ojúlé Kọkànlélógún,
                                        Àdúgbò Ìfákọ̀,
                                        Agége,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 1989.

Moyọ̀sọ́lá mi, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe,

Ìwọ ìyá ọmọ, ṣé dáadáa lo jí? Bàbá Déolú ńkọ́, ṣé ibà ọjọ́sí ti fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n rìn dé ìsọ̀ wọn? Déolú fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lọ́kàn mi, mo ti rí i tó jókòó sáàárín ẹní, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá omi inú abọ́. Gbogbo wa níbí wà láàyè, a sì dúpẹ́. Láti ìdájí ni òjò ti ń rọ̀. Páànù ilé ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì sí ariwo ẹ̀rọ kankan láti apá Ìkẹjà nítorí ọjọ́ Àìkú ni. Irú ọjọ́ báyìí ni ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ nínú ẹni máa ń fẹ́ jáde.

Mo rí lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà. Àkọ́kọ́ kún fún ẹ̀rín, èkejì kún fún ìbéèrè, ìkẹta kò ju ìlà mẹ́rin lọ. O ní kí n sọ ohun tí o fi ṣẹ̀ mí. Moyọ̀, o kò ṣẹ̀ mí rárá. Mo mọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ ìkómọ rẹ. Ẹ gbé ọmọ fún mi, mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo lọ jókòó ti àmù lẹ́hìnkùlé, kí wọ́n sì tó gbé oúnjẹ jáde, mo ti wà ní gáréèjì. Àwọn kan sọ fún ọ pé ìlara ni, pé ẹgbẹ́ ni wá, èmi kò sì tíì lọ́kọ. Kì í ṣe ìlara. Bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, mò ń rí ẹnu yín tó ń mì, ohùn yín ń bọ̀ lẹ́yìn, bíi pé òdìkejì odò lẹ wà. Nígbà tí ọmọ yẹn sì la ojú, tó wò mí, ó ṣe mí bíi pé ó ń ka ohun tó wà nínú mi. Ẹ̀rù rẹ̀ ló bà mí. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ!

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé ọdún kẹrin nìyí tí mo ti wà ní ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran ní Ìkẹjà. Ìdí tábìlì àyẹ̀wò ni mo máa ń dúró sí. Abọ́ á ti inú ìléru jáde, á tutù, á dé ọ̀dọ̀ wa ní funfun báláú pẹ̀lú ètè búlúù àti òdòdó pupa nísàlẹ̀. Màá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, màá fi ìka yí ètè rẹ̀ ká, màá wò ó bóyá ibì kan ti ṣá, màá wá tò wọ́n ní méjìlá-méjìlá sínú páálí. Iṣẹ́ náà mọ́ mi lára débi pé mo lè máa bá Nusrat sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán kí n má sì ṣi abọ́ kan kà. Nusrat ni èmi àti ẹ̀ jọ wà ní tábìlì kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó fẹ́ fi pa wá lẹ́rìn-ín.

Bí oṣù kejì ọdún yìí ṣe ń parí lọ ni àwọn òdòdó ìsàlẹ̀ abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní dà bí àlá. Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wò mí ni, bí ojúlùmọ̀ tó dúró lókèèrè tó ń retí kí o kí òun. Ìró ìléru náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń hó bí omi orí iná. Nígbà tó yá, ó dà bíi pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tó ń pe orúkọ mi, tí kì í pè é tán. “Fàú…” á dákẹ́. Màá bojú wẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ohun tó ń já mi láyà gan-an nìyẹn: mo mọ̀, síbẹ̀ mò ń bojú wẹ̀yìn.

Àmọ́ kí òdòdó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí ni orí mi ti ń falẹ̀. Màá ka abọ́ dé mẹ́jọ, mẹ́jọ á kàn dúró síbẹ̀, mi ò ní mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ìyàwó wa, Sùlíyá, aya bùọ̀dá mi, á rán mi pé kí n ra iyọ̀, kí n ra ìṣáná, kí n gba aṣọ lọ́dọ̀ aránṣọ. Màá mú ìṣáná nìkan bọ̀, màá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Bí Nusrat bá ń sọ ìtàn, kó tó parí ẹ̀, mo ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi á pẹ́ kó tó dé, wọ́n á wá máa wojú mi. Ohun tó sọ mí di ẹni tó ń sá fún èèyàn nìyẹn. Tó bá di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, màá lọ jókòó nínú yàrá ẹ̀yìn, láàárín àwọn abọ́ tó lábùkù. Ibẹ̀ tutù. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba ojú ihò páànù wọlé tín-ín-rín bí òwú, á fọwọ́ kan abọ́ kan, á kúrò lórí ẹ̀, á tún lọ sórí òmíràn. Mo lè jókòó síbẹ̀ kí n má ro nǹkan kan. Mi ò ní purọ́ fún ọ, Moyọ̀, ó dùn. Ó dùn bí oorun ìdájí ṣe máa ń dùn nígbà tí wọ́n bá ń jí èèyàn fún ilé ìwé.

Ọdún yìí kì í sì í ṣe ọdún tó yẹ kí òṣìṣẹ́ máa ṣi iṣẹ́ ṣe. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò ọrọ̀-ajé Sáàpù dé, àwọn èròjà tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun kò ṣeé rà mọ́. Wọ́n ti paná ìléru kan nínú mẹ́ta, gbogbo wa ló sì mọ̀ pé wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa dá dúró. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa ṣí páálí tí mo dì. Ó bá mọ́kànlá nínú ọ̀kan, ó bá mẹ́rìnlá nínú èkejì. Kò bú mi. Ó ní, “Fàúsát, kí ló dé? Ṣebí ìwọ ni mo fi ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́?”

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà wá hàn sí gbogbo ayé, ọ̀sán gangan ni, nínú oṣù kẹfà, kété lẹ́yìn rògbòdìyàn Sáàpù tó mú kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìléru pè mí, kò pè mí tán, lọ́tẹ̀ yìí mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo dìde. Mo gba ẹ̀yìn jáde, mo tẹ̀lé ojú irin. Mi ò mọ ibi tí mò ń lọ, ó sáà ṣe mí bíi pé wọ́n ń retí mi níbì kan, pé mo ti fẹ́ pẹ́ jù. Mo rìn títí odi ilé iṣẹ́ fi tán, tí èéfín fi tán, tí igi ńláńlá bẹ̀rẹ̀. Ìkẹjà GRA ni. Ibẹ̀ dákẹ́ bí inú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun. Òjìji igi tẹ́ sórí títì bí aṣọ. Igi kan ń gbọn òdòdó pupa sílẹ̀, mo dúró sábẹ́ rẹ̀, mo ń kà wọ́n. Mẹ́jọ. Mẹ́jọ. Mẹ́jọ.

Bàbá kan tó ń ṣọ́ géètì ilé ńlá kan jáde sí mi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta lò ń wá?” Mò ń ka òdòdó lọ. Wọ́n ní, “Kí lorúkọ rẹ?” Orúkọ náà wà nínú mi. Mò ń rí i bí èèyàn ṣe ń rí ẹja nínú omi, ọwọ́ mi kò kàn lè bà á. Bàbá yìí kò pariwo, wọn kò pe èrò lé mi lórí. Wọ́n gbé àpótí tí wọ́n ń jókòó lé fún mi, wọ́n bu omi fún mi, àwọn fúnra wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, “Jẹ́ ká sinmi ná.” Wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọn kò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní Ádámù lorúkọ àwọn. Wọ́n sọ ti iṣu tí àbúrò wọn gbìn, wọ́n sọ ti òjò tó pẹ́ kó tó rọ̀, wọ́n sọ ti ilé wọn ní Òkèlérin, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Mo gbọ́ ohùn kan tó ní, “Ilé wa kò jìnnà síbẹ̀.” Ohùn ara mi ni. Orúkọ mi sì tẹ̀lé e jáde. Bàbá Ádámù rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rí i pé káàdì ilé iṣẹ́ wà lọ́rùn mi, orúkọ mi gàdàgbà lára rẹ̀. Wọ́n ti kà á látìgbà tí mo dé. Wọ́n kàn fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ni.

Àwọn ni wọ́n mú mi padà síbi iṣẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ aládùúgbò kan pé kó bá wọn wo géètì. Nọ́ọ̀sì Adébísọ́lá, tó ń bójú tó yàrá ìtọ́jú kékeré tó wà níbẹ̀, ló gbà mí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n sọ ohun gbogbo. Mo sọ ti òdòdó, mo sọ ti ìléru. Mo rò pé wọ́n á sún sẹ́yìn, wọn kò sún. Wọ́n ní àbúrò àwọn kan tó jẹ́ ọkùnrin gba ọ̀nà yìí rí, pé kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko, ilé sì ń sọ pé ìgbéraga ni. Ìgbà tí wọ́n fi máa mọ̀, ó ti ń bá afẹ́fẹ́ jà láàárín títì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. “Fàúsát, tìrẹ kò tíì pẹ́ jù.” Wọ́n kọ̀wé fún mi pé kí n lọ rí dókítà kan tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọpọlọ.

Bùọ̀dá mi Abdulafeez, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, kò gbọ́ ti dókítà. Ẹnì kan ti sọ fún wọn nípa ilé kan lọ́nà Abẹ́òkúta tí wọ́n ti ń gba irú èèyàn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Ìkà kọ́ ló wà nínú wọn, o mọ̀ wọ́n. Ẹ̀rù ni. Àárọ̀ Sátidé, wọ́n kó aṣọ mi sínú báàgì. Sùlíyá pọn Ishaq, ọmọ wọn, ó sì dúró sáàárín ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, “Bàbá Ishaq, Ìdílẹ̀kẹ̀ ń dá wẹ̀, wọ́n ń kírun, wọ́n ń bá mi wẹ ọmọ. Àwọn lẹ fẹ́ lọ fi irin sí lẹ́sẹ̀?” Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa.

Bùọ̀dá mi ní, “Tó bá wá ya wèrè lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá wa?”

“Wọn ò tíì ya wèrè. Wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ bi àwọn fúnra wọn.”

Láti ọjọ́ tí mo ti jáde níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó bi mí nínú ilé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí mi bí ẹni tó ti sùn. Bùọ̀dá mi yíjú sí mi. Mo kó ọ̀rọ̀ jọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ nílẹ̀. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Tí wọ́n bá ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe, màá bá yín lọ.” Ó rẹ̀ mí nígbà tí mo sọ ọ́ tán. Bùọ̀dá mi jókòó sórí báàgì náà, wọ́n fi ọwọ́ bojú. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn fúnra wọn ló mú mi lọ.

Dókítà Akínfẹ́nwá kò tó bàbá wa lọ́jọ́ orí, ohùn wọn sì rọ̀. Wọ́n ka nọ́ńbà fún mi, wọ́n ní kí n kà á padà láti ẹ̀yìn. Mo rí mẹ́ta kà padà. Nígbà tó di mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ tú ká. Wọ́n ní kí n dárúkọ gbogbo ẹranko tí mo bá lè rántí láàárín ìṣẹ́jú kan. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, mẹ́sàn-án péré ni mo rí dárúkọ, mo sì pe ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sọ ìtàn obìnrin kan tí àpò rẹ̀ sọnù nínú ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ní kí n sọ ọ́ padà. Àpò nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Wọ́n wá gbé ìwé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, “Ta ni ìwọ àti ẹ̀ jọ jẹun kẹ́yìn? Ilé ta lo lọ kẹ́yìn? Ta lo sọ ohun tó ń dùn ọ́ fún lọ́dún yìí?” Àwọn ìbéèrè yìí ló rọrùn jù, àwọn ló sì pa mí lẹ́kún.

Wọ́n ṣàlàyé fún èmi àti bùọ̀dá mi. Wọ́n ní mi ò ya wèrè, àmọ́ mo dúró sítòsí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó dúró síbẹ̀ ni kì í wọlé. Wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ti ń yára ju bí ọpọlọ rẹ ṣe lè dì í mú lọ. Ìyẹn lo ṣe ń sá fún wọn. Bí o sì ṣe ń sá fún wọn, ọpọlọ náà kò rí ohun tó máa fi ṣiṣẹ́ mọ́, ó tún ń falẹ̀ sí i.” Bùọ̀dá mi béèrè oògùn. Wọ́n ní oògùn kò tíì kàn, pé kí n máa sùn dáadáa, kí n máa wá rí àwọn lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí n sì máa bá èèyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kí n kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ sínú ìwé. Bùọ̀dá mi ní, “Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?” Dókítà ní, “Ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó lè kí aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ó ní ìyàwó tuntun méjì fẹ́ gba aṣọ lọ́jọ́ kan náà. Mo kọ ti fọ́kànáísà: ó ní wọ́n pe òun sí Òmọ̀lé lọ tún táyà ṣe, ajá lé òun. Mo ń kà á fún Sùlíyá nírọ̀lẹ́, á ní, “Ajá ṣe bù wọ́n jẹ?” Màá ní mi ò béèrè. Á ní kí n lọ béèrè lọ́la. Lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan fi ń bí òmíràn.

Nusrat ni mo bẹ̀rù jù. Ó ti rò pé mò ń bínú sí òun. Mo mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo sọ fún un láàárín àwọn abọ́ tó lábùkù. Kò sá. Ó ní, “Ìwọ nìkan ló ń jókòó síbí látọjọ́ yìí?” Ó fa abọ́ kan, ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó sì jókòó lé e. Láti ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ ni àwa méjèèjì ti ń jẹun. Nọ́ọ̀sì bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀, ọ̀gá sì gbé wa kúrò nídìí páálí lọ sídìí ọ̀dà. Nusrat á máa yí abọ́, èmi á máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun ètè rẹ̀ ní búlúù. Á sọ ìtàn díẹ̀, á dúró, á ní, “Kí ni mo sọ?” Màá sọ ọ́. Á tún tẹ̀síwájú. Mi ò mọ ọjọ́ tí àwọn òdòdó ṣíwọ́ wíwò mi. Lọ́jọ́ kan mo wo ìsàlẹ̀ abọ́, ọ̀dà pupa lásán ni mo rí. Inú mi dùn, ó sì tún ṣe mí bíi pé ẹnì kan ti kó kúrò ládùúgbò láìdágbére.

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, dókítà tún dán mi wò. Mo ka nọ́ńbà márùn-ún láti ẹ̀yìn. Mo dárúkọ ẹranko méjìdínlógún. Wọ́n ní àwọn kò tíì lè sọ pé ó ti tán, pé àwọn á ṣì máa ṣọ́ mi, pé tí ìléru bá tún pè mí kí n tètè wí. Mo fara mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá yìí ni wọ́n ka orúkọ ogójì èèyàn níwájú ìléru. Tèmi wà níbẹ̀. Ti Nusrat náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe nítorí àìsàn mi, gbogbo ìdí ọ̀dà ni wọ́n pa rẹ́. Nusrat jókòó sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó ní, “Èmi ni màámi gbójú lé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i? Ẹnu mi ò lè sọ ọ́.” Mo ní, “Dìde. Ẹnu tèmi á sọ ọ́.” A jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé wọn ní Ìjàyè. Mo kúnlẹ̀ níwájú màmá rẹ̀, tí kò rí mi rí. Mo kí wọn, mo béèrè ara wọn, mo wá sọ bí wọ́n ṣe pè wá jọ, ohun tí ọ̀gá sọ, bí Nusrat ṣe ṣiṣẹ́ láìṣe ọ̀lẹ lọ́jọ́ kan, àti pé ojú ń tì í láti wọlé ni ó ṣe dúró síta. Màmá náà sunkún, wọ́n nu ojú nù, wọ́n ní kí Nusrat wọlé. Wọ́n wá bojú wò mí dáadáa. Wọ́n ní, “Nusrat, ọmọ ta nìyí, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ báyìí?”

Nusrat ní, “Ọ̀rẹ́ mi ni.”

Bá mi kí Bàbá Déolú, bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá. Bùọ̀dá mi àti Sùlíyá ní kí n kí gbogbo yín. Bí o bá fẹ́ bú mi nínú èsì rẹ, bú mi, màá kà á tán.

Èmi tìrẹ ni, láìyẹsẹ̀,

Fàúsát.